Bíbọ Màríà tàbí Bíbọlá fún Un? Àyẹ̀wò Ipò Ìyá Jésù nínú Ìwé Mímọ́, Àṣà Ìjọ àti Èdè Yorùbá

Ìfáàrà

Kò ṣòro láti rí ẹbí Yorùbá kan tí ìyá ń lọ sí ìjọ Àgùdà, tí bàbá jẹ́ ọmọ ìjọ Áńgílíkà, tí àwọn ọmọ sì ti di èrò ìjọ Aládùúrà tàbí ti Pẹ́ńtíkọ́sì. Wọ́n jọ ń jẹun, wọ́n jọ ń ṣe ọdún Kérésìmesì, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá kan Màríà, àríyànjiyàn lè bẹ́ sílẹ̀. Apá kan á ní òrìṣà ni wọ́n ń bọ. Apá kejì á ní ìyá Olúwa ni àwọn ń kí. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Bí ó bá jẹ́ òótọ́ pé bíbọ ni àwọn Àgùdà ń bọ Màríà, a jẹ́ pé wọ́n ti rú òfin kìn-ín-ní nínú Òfin Mẹ́wàá. Bí kò bá sì jẹ́ òótọ́, ẹni tó fi ẹ̀sùn ìbọ̀rìṣà kan ọmọnìkejì rẹ̀ ti jẹ́rìí èké, òfin kan náà ni ó sì dẹ́ṣẹ̀ sí.

Ohun tí iṣẹ́ yìí dá lé ni ipò Màríà nínú Ìwé Mímọ́, bí ìbọlá fún un ṣe gbilẹ̀ nínú àṣà ìjọ, àti irú ọ̀rọ̀ tí èdè Yorùbá ní fún un. Èrò tó wà ní ìdí rẹ̀ ni pé púpọ̀ nínú ìjà náà wáyé nítorí pé a ń fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pe ohun méjì tàbí mẹ́ta tó yàtọ̀ síra. Ìjọ ti fa ààlà sáàárín àwọn ohun wọ̀nyí láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, èdè Yorùbá náà sì ní ọ̀rọ̀ tó tó láti fi ààlà yìí hàn.

Màríà nínú Ìwé Mímọ́

Ìwé Ìhìnrere tí Lúùkù kọ ni ó sọ̀rọ̀ Màríà jù lọ. Ní orí kìn-ín-ní, áńgẹ́lì Gébúrẹ́lì kí i ní Násárẹ́tì, ó sì jíṣẹ́ fún un pé yóò bí ọmọ kan nípa agbára Ẹ̀mí Mímọ́. Màríà kò kàn dákẹ́ gbà. Ó béèrè bí èyí yóò ti ṣe rí bẹ́ẹ̀ nígbà tí òun kò tí ì mọ ọkùnrin. Lẹ́yìn tí ó gbọ́ àlàyé ni ó fara mọ́ ọn. Nígbà tí ó lọ kí Èlísábẹ́tì, ìbátan rẹ̀, obìnrin àgbà yìí pè é ní alábùkún fún láàrin àwọn obìnrin, ó tún pè é ní ìyá Olúwa òun. Nínú orin tí Màríà fi fèsì, ó sọ ní ẹsẹ 48 pé gbogbo ìran ni yóò máa pe òun ní alábùkún fún. Ẹsẹ yìí ni gbòǹgbò tí àwọn tó ń bọlá fún un máa ń tọ́ka sí. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a kíyè sí i pé Ọlọ́run tó ṣíjú wo ìrẹ̀lẹ̀ ìránṣẹ́ rẹ̀ ni orin náà ń yìn, kì í ṣe ìránṣẹ́ náà.

Kíkí tí áńgẹ́lì kí i pàápàá ti fa ọ̀rọ̀. Kecharitomene ni ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí Lúùkù lò. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ẹni tí a ti ṣe ojú rere sí, tí ojú rere náà sì ń bẹ lára rẹ̀ síbẹ̀. Bíbélì èdè Látìn túmọ̀ rẹ̀ sí ẹni tó kún fún oore-ọ̀fẹ́, ìtumọ̀ yìí ni ó sì wọ inú àdúrà àwọn Àgùdà. Bíbélì Yorùbá tó ti ọwọ́ àwọn míṣọ́nnárì C.M.S. jáde tẹ̀ lé ìtumọ̀ ti àkọ́kọ́. Ọ̀kan tẹjú mọ́ ẹni tó ṣe oore, èkejì tẹjú mọ́ ẹni tí a ṣe oore náà fún. Inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan náà ni méjèèjì ti jáde.

Jòhánù kò dárúkọ Màríà rí. Ìyá Jésù ni ó máa ń pè é. Ó fi í sí ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọmọ rẹ̀, níbi ìgbéyàwó ní Kánà (orí 2), ó sì tún fi í sí ìparí, lẹ́sẹ̀ àgbélébùú (orí 19). Níbi méjèèjì, Jésù pè é ní obìnrin. Èyí máa ń dun òǹkàwé Yorùbá létí, nítorí ọmọ tí a kọ́ kì í la ẹnu pe ìyá rẹ̀ ní obìnrin. Àwọn kan tilẹ̀ ti fi èyí ṣe ẹ̀rí pé Jésù kò ka ìyá rẹ̀ sí. Ẹ̀rí náà kò dúró. Nínú èdè Gíríìkì ìgbà náà, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èébú. Irú rẹ̀ ni Jésù fi pe obìnrin ará Samáríà àti Màríà Magidalénì. Àṣà èdè ni ó yàtọ̀. Síbẹ̀, pípe ìyá ẹni bẹ́ẹ̀ ṣàjèjì, ó sì jọ pé Jòhánù fẹ́ kí òǹkàwé rí i gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ipò rẹ̀ ju ti abiyamọ lásán lọ. Ní Kánà, ọ̀rọ̀ tó bá àwọn ìránṣẹ́ sọ kẹ́yìn ni pé kí wọ́n ṣe ohunkóhun tí Jésù bá ní kí wọ́n ṣe.

Àwọn ẹsẹ mìíràn wà tí àwọn tó ń kọminú sí ìbọlá fún Màríà máa ń gbé jáde. Nínú Máàkù 3:31–35, nígbà tí ìyá àti àwọn arákùnrin Jésù ń wá a, ó dáhùn pé ẹni tó bá ń ṣe ìfẹ́ Ọlọ́run ni ìyá àti arákùnrin òun. Nínú Lúùkù 11:27–28, obìnrin kan kan sáárá sí inú tó bí Jésù, gẹ́gẹ́ bí Yorùbá ṣe máa ń sọ fún ènìyàn rere pé ìyá rẹ bímọ. Jésù darí oríyìn náà sọ́dọ̀ àwọn tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run tí wọ́n sì ń pa á mọ́. Ohun tó hàn níhìn-ín ni pé ẹ̀jẹ̀ àti oyún nìkan kò tó láti sọ ènìyàn di ẹni ńlá níwájú Ọlọ́run. Àwọn Àgùdà gba èyí, wọ́n sì ń fi kún un pé Lúùkù kan náà ni ó sọ lẹ́ẹ̀mejì, ní 2:19 àti 2:51, pé Màríà pa gbogbo ohun tó rí mọ́ nínú ọkàn rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó wà pẹ̀lú àwọn ọmọ-ẹ̀yìn tí wọ́n ń gbàdúrà nínú yàrá òkè (Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 1:14). Ibẹ̀ ni a ti gbúròó orúkọ rẹ̀ kẹ́yìn. Ní ti obìnrin tí a fi oòrùn wọ̀ láṣọ nínú Ìfihàn 12, àwọn kan ní Màríà ni, àwọn mìíràn ní ìjọ Ọlọ́run tàbí Ísírẹ́lì ni.

Ọ̀rọ̀ àwọn arákùnrin Jésù tí Máàkù 6:3 dárúkọ yẹ ní kíkíyèsí. Ojú mẹ́ta ni wọ́n fi ń wò wọ́n. Púpọ̀ nínú àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì gbà pé ọmọ tí Jósẹ́fù àti Màríà bí lẹ́yìn Jésù ni wọ́n. Ìjọ Ọ́tódọ́ọ̀sì ti ìlà-oòrùn ní ọmọ tí Jósẹ́fù ti bí tẹ́lẹ̀ ni wọ́n. Jerome, nínú ìwé tó fi ta ko Helvidius ní nǹkan bí ọdún 383, ní ìbátan Jésù ni wọ́n, èrò yìí ni ìjọ Àgùdà sì dì mú. Yorùbá kò ní í rí ohun àjèjì nínú èrò ti Jerome, nítorí ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá àti ọmọ ìyá ẹni, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n pé èdè kan gba irú ìlò bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí pé bí ọ̀rọ̀ ṣe rí ní Násárẹ́tì nìyẹn.

Ìyá Ọlọ́run: Àríyànjiyàn Éfésù

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìgbà àwọn àpọ́sítélì tí àwọn Kristẹni fi bẹ̀rẹ̀ sí ronú jinlẹ̀ lórí Màríà. Ní ọ̀rúndún kejì, Justin àti Irenaeus fi í wé Éfà: àìgbọràn obìnrin kan ti ilẹ̀kùn, ìgbọràn obìnrin kejì ṣí i. Ní ọ̀rúndún kan náà ni ìwé tí a ń pè ní Ìhìnrere Àkọ́kọ́ ti Jákọ́bù jáde. Inú ìwé yìí, tí kò sí lára Bíbélì, ni orúkọ Jóákímù àti Ánnà, òbí Màríà, ti wá.

Ìjà tó le jù bẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn tí Nestorius di olórí bíṣọ́ọ̀bù Constantinople ní ọdún 428. Àwọn ènìyàn ti ń pe Màríà ní Theotokos, èyí ni ẹni tó bí Ọlọ́run. Nestorius kò fara mọ́ ọn; ó ní ẹni tó bí Kristi ni kí wọ́n máa wí. Cyril, bíṣọ́ọ̀bù Alẹkisáńdíríà, dìde sí i. Ní ọdún 431, àpérò àwọn bíṣọ́ọ̀bù tó wáyé ní Éfésù yọ Nestorius nípò, orúkọ náà sì dúró. Ní Róòmù, Póòpù Sixtus Kẹta, tó wà lórí oyè láti 432 sí 440, ya ilé ìjọsìn ńlá kan sí mímọ́ fún Màríà. Ó ṣì wà níbẹ̀ títí di òní.

Orúkọ yìí le létí Yorùbá ju bí ó ti le létí Nestorius lọ. Nínú èrò Yorùbá, ìyá ti wà kí ọmọ tó wà. Olódùmarè kò sì ní ìyá, kò ní bàbá. Báwo ni ènìyàn ṣe fẹ́ jẹ́ Ìyá Ọlọ́run? Ipò Ìyá Ọba lè là wá lọ́yẹ̀ díẹ̀. Obìnrin tó bí ọba kò bí adé, kò sì bí ìlú. Àwọn nǹkan wọ̀nyí ti wà kí òun tó dáyé. Síbẹ̀, kò sí ẹni tó ń pè é ní ìyá ara ọba tàbí ìyá ẹran ara ọba. Ènìyàn ni a ń bí, a kì í bí ìdajì ènìyàn. Ọba sì ni ẹni tó bí. Ohun tí àpérò Éfésù sọ kò jìnnà sí èyí: Màríà kò ṣe orísun fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ẹni tó bí, ẹnì kan ṣoṣo ni, Ọlọ́run sì ni ẹni náà. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ nípa Jésù ni orúkọ yìí kọ́kọ́ jẹ́ kí ó tó jẹ́ ọ̀rọ̀ nípa Màríà. Ó ṣe pàtàkì pé ní ọdún 1994, Póòpù John Paul Kejì àti Mar Dinkha Kẹrin, olórí ìjọ Asíríà ti ìlà-oòrùn tó ń pe Màríà ní Ìyá Kristi láti ayébáyé, fọwọ́ sí ìwé àjùmọ̀sọ kan tó gbà pé orúkọ méjèèjì tọ̀nà. Ìgbàgbọ́ kan náà ni, ọ̀rọ̀ ni ó yàtọ̀. Ó gbà wọ́n ní ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan àti ààbọ̀ ọdún láti rí i.

Ààlà tí Ìjọ Fà

Ọ̀pọ̀ ló rò pé lẹ́yìn tí ẹnu àtakò ṣí ni ìjọ Àgùdà ṣẹ̀ṣẹ̀ wá àwáwí pé àwọn kò bọ Màríà. Ìtàn kò fi èyí hàn. Láàrin ọdún 374 sí 377, Epiphanius, bíṣọ́ọ̀bù Salamis ní erékùṣù Kípírù, kọ̀wé nípa àwọn obìnrin kan ní ilẹ̀ Arébíà tí wọ́n ń fi àkàrà rúbọ ní orúkọ Màríà. Ó bá wọn wí gidigidi. Ohun tó sọ ni pé kí a bọlá fún Màríà, ṣùgbọ́n Baba, Ọmọ àti Ẹ̀mí Mímọ́ nìkan ni kí a sìn. Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ tí Augustine fi kọ ọ́ nínú ìwé rẹ̀ lórí Ìlú Ọlọ́run pé Ọlọ́run nìkan ni ẹbọ tọ́ sí, a kì í sì í rúbọ sí àwọn ajẹ́rìíkú bí ó ti wù kí a bọ̀wọ̀ fún wọn tó. Ní ọdún 787, àpérò kejì ti Naísíà, tó jókòó lórí ọ̀rọ̀ àwòrán mímọ́, fìdí ìyàtọ̀ múlẹ̀ láàrin ìsìn tó jẹ́ ti Ọlọ́run nìkan àti ọ̀wọ̀ tí a lè fi fún ohun mímọ́. Ní ọ̀rúndún kẹtàlá, Thomas Aquinas to ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹẹsẹ: latria jẹ́ ti Ọlọ́run, dulia jẹ́ ti àwọn ẹni mímọ́, hyperdulia sì ni ọ̀wọ̀ tó ga ju tiwọn lọ, tó jẹ́ ti Màríà. Bí ó ti wù kí hyperdulia ga tó, kò lè di latria, gẹ́gẹ́ bí ìyá ọba kò ṣe lè di ọba nítorí pé a kí i ju ìjòyè lọ.

Ọ̀rọ̀ Yorùbá fún Ìbọlá

Bí a bá wo èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló ń da ìjà yìí rú: bọ, sìn àti bọlá.

Bọ ni ọ̀rọ̀ tí a ń lò fún òrìṣà, ẹbọ sì ni àmì rẹ̀. Ẹni tó ń bọ Ògún mọ ohun tí Ògún ń gbà. Bí a bá fi òṣùwọ̀n yìí wọn ìṣe àwọn Àgùdà, ìbéèrè tó yẹ kí a bi wọ́n ni pé ta ni ẹ ń rúbọ sí? Ìdáhùn wọn ni pé ẹbọ kan ṣoṣo ni àwọn mọ̀, èyí ni Mísà, Ọlọ́run Baba ni àwọn sì ń rú u sí, kódà ní ọjọ́ àjọ̀dún Màríà. Ohun tí Epiphanius bá àwọn obìnrin Arébíà wí fún gan-an ni Yorùbá ń pè ní bíbọ.

Sìn ni ó ṣòro jù. A ń sin Ọlọ́run, a ń sin ọba, ìwọ̀fà ń sin olówó rẹ̀, a sì tún ń sin àlejò dé ojú ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ kan yìí gba latria, ó sì gba dulia, nítorí pé ìsìnrú gan-an ni ìtumọ̀ dulia ní èdè Gíríìkì. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé àwọn Àgùdà ń sin Màríà kò tí ì sọ ohunkóhun tó dá ṣáká.

Bọlá kò ní ohun kan-án ṣe pẹ̀lú bọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìró wọn jọra. Bù ọlá ni ó sún kì di bọlá, gẹ́gẹ́ bí bù ọ̀wọ̀ ṣe di bọ̀wọ̀. A ń bù ú fún ẹni tí ó yẹ ni. Mùsùlùmí Yorùbá tó sọ ọmọ rẹ̀ ní Màríámọ̀ ń bọlá fún obìnrin tí Súrà kọkàndínlógún nínú Àlùkùráánì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Kò sí ẹni tó máa fẹ̀sùn kàn án pé ó ń bọ ọ́.

Ìṣe ara náà kò tó láti dá ẹjọ́ yìí. Obìnrin Yorùbá a máa kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ rẹ̀, ọkùnrin a máa dọ̀bálẹ̀ fún àgbà, a sì máa ń kì ènìyàn ní oríkì. Àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó kan rí ìdọ̀bálẹ̀, wọ́n sì rò pé ìbọ̀rìṣà ni. Yorùbá tó mọ̀ pé wọ́n ṣìnà níbẹ̀ kò gbọdọ̀ tọ ọ̀nà kan náà nígbà tí ó bá rí ẹni tó kúnlẹ̀ níwájú ère Màríà. Ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó kúnlẹ̀ ni kí ó béèrè. Òwe pàápàá sọ pé òrìṣà bí ìyá kò sí. Kò sí Kristẹni Yorùbá tó fà á yọ tí ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé ìyá òun jẹ́ Ọlọ́run.

Onílàjà àti Ẹlẹ́bẹ̀

Síbẹ̀, yóò jẹ́ àìṣòdodo láti sọ pé ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ni gbogbo ìjà náà. Martin Luther, tó kọ àlàyé lórí orin Màríà ní ọdún 1521, bọ̀wọ̀ fún un púpọ̀. Ohun tí kò fẹ́ ni kí ènìyàn gbẹ́kẹ̀ lé e dípò Kristi. Abala 22 nínú Abala Mọ́kàndínlógójì ti ìjọ Áńgílíkà kọ kíképe àwọn ẹni mímọ́, ó ní kò ní ẹ̀rí nínú Ìwé Mímọ́. Ẹsẹ tí wọ́n ń gbára lé ni Tímótì Kìn-ín-ní 2:5, pé Onílàjà kan ṣoṣo ni ó wà láàrin Ọlọ́run àti ènìyàn.

Ọ̀rọ̀ tí àwọn atúmọ̀ Bíbélì yàn níbẹ̀ wúlò púpọ̀. Onílàjà ni ẹni tó dúró láàrin àwọn méjì tó ń jà, tó sì parí ìjà. Ẹlẹ́bẹ̀ kò parí ìjà. Ó kàn ń bá ni bẹ̀bẹ̀ ni. Nígbà tí ọmọ bá ṣẹ bàbá, tí ó lọ bẹ ìyá pé kí ó bá òun ṣìpẹ̀, bàbá náà ni yóò dárí jì í. Àwọn Àgùdà ní ipò ẹlẹ́bẹ̀ ni Màríà wà, irú èyí tí ọmọ ìjọ kan máa ń wà fún ẹnì kejì nígbà tí ó bá ní kí ó fi òun sínú àdúrà. Àwọn alátakò dáhùn pé ẹni tó wà láàyè ni a lè rán níṣẹ́ báyìí, Ìwé Mímọ́ kò sì fi hàn pé òkú ń gbọ́. Bátíṣébà, ìyá Sólómọ́nì, ni àwọn méjèèjì ń lò: ọba tẹrí ba fún un, ó sì gbé ìtẹ́ kalẹ̀ fún un ní ọwọ́ ọ̀tún, ṣùgbọ́n kò gba ẹ̀bẹ̀ tó wá bẹ̀ (Àwọn Ọba Kìn-ín-ní 2:19–25). Níhìn-ín, ìyàtọ̀ ìgbàgbọ́ ni ó wà, kì í ṣe ìyàtọ̀ ọ̀rọ̀. Bákan náà ni ẹ̀kọ́ méjì tí àwọn póòpù kéde: ti 1854, pé a lóyún Màríà láìní àbàwọ́n ẹ̀ṣẹ̀ àbínibí, àti ti 1950, pé a gbà á sókè ọ̀run tara-tọkàn. Àwọn ìjọ mìíràn kò rí ìdí tí ẹ̀kọ́ tí Bíbélì kò sọ ní tààrà fi ní láti di dandan.

Láàrin àwọn Àgùdà fúnra wọn, a ti jiyàn lórí bí ìbọlá yìí ṣe gbọdọ̀ tó. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá 1963, àpérò Fátíkànì Kejì dìbò lórí bóyá kí Màríà ní ìwé tirẹ̀ tàbí kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà nínú ìwé lórí Ìjọ. Ìbò 1,114 ni ó fi í sínú ìwé lórí Ìjọ. 1,074 ni kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Orí kẹjọ ìwé náà, tó jáde ní 1964, kìlọ̀ fún àsọdùn, ó sì tún kìlọ̀ fún àìkàsí. Ní oṣù Kọkànlá 2025, ọ́fíìsì tó ń rí sí ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ ní Fátíkànì tún kọ̀wé pé kò yẹ kí a máa pe Màríà ní alájọràpadà pẹ̀lú Kristi. Epiphanius ìbá ti mọ ohùn yìí.

Àgùdà, Lùkùmí àti Òrìṣà

Ìdí kan wà tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan Yorùbá ju bí ó ti kan ọ̀pọ̀ ẹ̀yà lọ. Orúkọ Àgùdà fúnra rẹ̀ ń rántí àwọn ọmọ ẹrú tí wọ́n ti Bùràsíìlì àti Kúbà padà sí Èkó àti Àjàṣẹ́ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Wọ́n gbé ìgbàgbọ́ wọn bọ̀. Àwọn tó kù sí òkè òkun sì ti so àwọn orúkọ kan pọ̀. Ní Kúbà, Wúńdíá ti Regla, tó dúdú tó sì wà létí òkun nítòsí Havana, ni àwọn Lùkùmí so mọ́ Yemọja. Wúńdíá ti Cobre, tí Póòpù Benedict Kẹẹ̀ẹ́dógún fi ṣe alábòójútó Kúbà ní 1916, ni wọ́n so mọ́ Ọ̀ṣun. Ẹni tí a fi ipá rì bọmi, tí a sì ń ṣọ́ bí ó ṣe ń gbàdúrà, kò ní ọ̀nà púpọ̀ láti fi pa ohun ìní bàbá rẹ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n ní ọdún 1983, ní Salvador ní Bahia, Stella de Oxóssi àti àwọn ìyálórìṣà ńlá mìíràn kéde pé òrìṣà kì í ṣe ẹni mímọ́ ìjọ Àgùdà, wọ́n sì kọ ìdàpọ̀ náà. Ohun ìyanu ni pé ọ̀rọ̀ wọn àti ti àwọn bíṣọ́ọ̀bù pàdé: Yemọja kì í ṣe Màríà, Màríà kì í sì í ṣe Yemọja. Ẹni tó ń bọ Yemọja mọ̀ pé bíbọ ni òun ń bọ ọ́. Ẹni tó bá ní bí a ṣe ń bọ Yemọja ni àwọn Àgùdà ṣe ń bọ Màríà ti ṣi ẹ̀sìn méjì mọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìgúnlẹ̀

Ó hàn nínú àyẹ̀wò yìí pé Ìwé Mímọ́ fi Màríà sí ipò ọlá, ó sì fi ìgbàgbọ́ àti ìgbọràn ṣáájú oyún àti ẹ̀jẹ̀. Ó tún hàn pé láti ọ̀rúndún kẹrin ni ìjọ ti ń bá àwọn tó ń kọjá ààlà wí. Àwọn ìjọ Kristẹni kò tí ì fẹnu kò lórí bóyá ó tọ́ láti bẹ Màríà pé kí ó ṣìpẹ̀, tàbí lórí àwọn ẹ̀kọ́ ti 1854 àti 1950. Lórí èyí, kí kálukú mú ẹ̀rí tirẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n kí olùkọ́, oníwàásù àti atúmọ̀ èdè fi bọ sílẹ̀ fún ibi tí ẹbọ bá wà, kí wọ́n ṣọ́ sìn lò, kí wọ́n sì jẹ́ kí bọlá, kí àti ṣìpẹ̀ ṣe iṣẹ́ tiwọn. Bí ọ̀rọ̀ bá ti bọ́ sí àyè rẹ̀, ohun tó kù láti jiyàn lé lórí yóò kéré sí ti tẹ́lẹ̀, òótọ́ sì ni yóò jẹ́.